Achilles Kò Ní Òkígbẹ́

Nígbàkígbà tí wọ́n bá ti gbé Achilles, akọni àwọn Gíríìkì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ Hector, akọni ìlú Troy tí wọ́n bá jagun, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ, ó sì ti sú mi. Wọ́n á ní ìgboyà wo ló wà lọ́wọ́ ẹni tí irin ò ràn? Ṣebí ìyá rẹ̀ ti rì í bọ odò Styx láti kékeré, gìgísẹ̀ tó fi dì í mú nìkan ni omi ò kàn. Torí náà, Hector ni akọni gidi.

Kò sí odò Styx yẹn nínú Iliad, ewì Gíríìkì àtijọ́ nípa ogun Troy, tó sọ àwọn méjèèjì di olókìkí. Ọwọ́ Statius, akéwì ará Róòmù, la ti kọ́kọ́ rí i kà, ó sì ju 600 ọdún lọ lẹ́yìn Iliad.

Ẹ ṣí ìpín 21 nínú Iliad. Tọwọ́ ọ̀tún tòsì ni Asteropaios, jagunjagun kan tó ń gbèjà Troy, fi ń ju ọ̀kọ̀, ó sì ju méjì pa pọ̀. Asà dá ọ̀kan dúró. Èkejì ha Achilles lápá ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ dúdú sì tú jáde. Òkígbẹ́ wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Nínú ìpín kan náà ni odò Scamander kún, tó ń lé e kiri, tí ẹ̀rù sì bà á débi pé ó ké pe Zeus, ọba àwọn òrìṣà: ṣé bí ọmọdé tó ń da ẹlẹ́dẹ̀, tí àgbàrá gbé lọ, lòun ó ṣe kú ni?

Ọ̀rọ̀ ìhámọ́ra ni wọn kì í fẹ́ dáhùn. Patroclus, ọ̀rẹ́ Achilles, ló wọ ìhámọ́ra rẹ̀ lọ sógun. Hector pa á, ó sì gba ìhámọ́ra náà. Nígbà tí wọ́n ní kí Achilles jáde, ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ lọ, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ti ẹlòmíràn tóun lè lò, àfi bóyá asà Ajax, akọni Gíríìkì mìíràn. Ni Thetis ìyá rẹ̀ bá lọ bẹ Hephaestus, òrìṣà alágbẹ̀dẹ, kó rọ òmíràn mọ́jú. Bí irin ò bá ràn án, kí ló fẹ́ fi asà ṣe?

Ó mọ ohun tó ń lọ bá. Thetis ti sọ fún un pé bí Hector bá ti kú, ikú tirẹ̀ náà ti dé. Ó ní kó dé, torí òun ò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ òun nílò òun. Ìbànújẹ́ àti ìbínú ló gbé e jáde. Ìtìjú ló dá Hector dúró lẹ́yìn odi: ó ti kọ ìmọ̀ràn Polydamas, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pé kí ogun padà wọ ìlú, àwọn èèyàn ti kú, kò sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ará Troy ó wí. Síbẹ̀, nígbà tí Achilles sún mọ́ ọn, ó sá yí ìlú po lẹ́ẹ̀mẹta.

N ò torí ìyẹn sọ pé Achilles ló gboyà jù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó sá, tó tún padà wá dúró, ni ìgboyà rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Àwòrán kan lára ìkòkò àtijọ́ náà fi ọfà sí Achilles lẹ́sẹ̀, torí náà ìtàn ọgbẹ́ ẹsẹ̀ lè ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ò ní kí ara yòókù má gba irin. Ẹ ṣọ́ra fún àfiwé tó bá ti odò Styx bẹ̀rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ ilé-ìwé lẹ fẹ́ fi kọ́. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ìjà náà ò ti dọ́gba, ìpín 22 ló wà: Achilles ju ọ̀kọ̀, ó tàsé, Athena, òrìṣà obìnrin tó ń gbè é, sì fà á yọ, ó dá a padà fún un, Hector ò rí i.