Tírélà Tó Kú Sójú Ọ̀nà Ni Rédà Kì Í Kà Sí

Adaptive cruise control ni ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń fi rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà níwájú, dá eré ọkọ̀ tò kó má bàa sún mọ́ ọkọ̀ iwájú jù. Kì í ṣe pé kò rí ohun tó dúró níwájú rẹ̀. Ó ń rí i. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ gbójú kúrò ni.

Ti bọ́tìnnì kò le: awakọ̀ á yan eré, á yan àlàfo tó fẹ́ fi sílẹ̀, ó parí. Ẹ̀yìn bọ́ńpà tàbí ẹ̀yìn àmì tó wà ní imú ọkọ̀ ni rédà sábà máa ń wà. Ìgbì 77 GHz ló ń jù síwájú. Bí ìgbì náà bá fi máa ta padà, ó ti yí díẹ̀, ìyípadà yẹn ló fi ń ka bí nǹkan ṣe ń yára sún mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ ń sá 100 km ní wákàtí kan. Ọkọ̀ iwájú tó ń sá 90 á hàn sí rédà bí ohun tó ń bọ̀ ní 10. Afárá ńkọ́? 100. Pátákó ojú ọ̀nà, irin ẹ̀gbẹ́ títì, agolo tí wọ́n jù sílẹ̀: 100, 100, 100. Tírélà tó kú sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, òun náà 100. Ọ̀pọ̀ rédà ọkọ̀ kò sì mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ dáadáa, afárá àti tírélà jọra lójú wọn. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa tẹ bíréèkì nítorí gbogbo ìwọ̀nyí, kò sẹ́ni tó máa wa ọkọ̀ náà délé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ó máa gbójú kúrò lára ohun tó dúró.

Ó dà bí ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, tí kì í gbọ́ ariwo ẹ̀rọ mọ́. Oníbàárà tó bá fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ pè é, á dáhùn. Ẹni tí ohùn tirẹ̀ bá bá ti ẹ̀rọ dọ́gba lè kígbe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Síbẹ̀, bí etí rẹ̀ ò bá di ariwo yẹn, kò ní lè tajà. Ọgbọ́n ni. Àbùkù ibẹ̀ ni pé inú ìwé ìlò ọkọ̀ ni wọ́n fi ìkìlọ̀ pé rédà lè má ka ohun tó dúró sí, ìwé tí tòkunbọ̀ kì í sì í sábà gbé wá.

Ibi tó ti le jù rèé: ọkọ̀ tí rédà ń tẹ̀ lé yà bàrá, tírélà tó kú wà níwájú. Rédà ò rí ohun tó ń sá mọ́, ó gbà pé ọ̀nà ti ṣófo, ó tún fi kún eré kó lè padà sí 100. Bó bá tiẹ̀ tètè fura, bíréèkì rẹ̀ rọ̀: ISO 15622, ìlànà àgbáyé fún irú ẹ̀rọ yìí, kò jẹ́ kó kọjá nǹkan bí 3.5 m/s² (bí eré ṣe ń yára dín kù nìyẹn) lórí eré gíga. Láti 100, ìyẹn á gba bíi mítà 110 kó tó dúró. Ẹsẹ̀ awakọ̀ tó tẹ bíréèkì délẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbẹ á dá a dúró láàárín nǹkan bí 50. Ẹ̀rọ tó ń dá bíréèkì pàjáwìrì tẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ má dà wọ́n pọ̀. Kámẹ́rà tí wọ́n ń fi kún rédà ti dín ìṣòro yìí kù, kò tíì mú un kúrò.

Ọkọ̀ tí wọ́n ti tún bọ́ńpà rẹ̀ lù tún ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ojú rédà bá fi dìgírì kan péré yẹ̀, ní mítà 100 níwájú ó ti ṣìnà ní mítà 1.7, bí ìdajì ojú ọ̀nà ọkọ̀ kan. Ó lè wá máa tẹ bíréèkì nítorí ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà kejì. Ẹ̀rọ ìwọ̀n tirẹ̀ ni wọ́n fi ń tún un tò. Ojú lásán ò lè ṣe é.