Mímú dátábéèsì alátẹ gba dátà rẹpẹtẹ

Dátábéèsì alátẹ ni èyí tí ó ń to ìsọfúnni sínú àtẹ, ní ìlà àti òpó, tí àtẹ kan sì lè tọ́ka sí ohun tí ó wà nínú òmíràn. E. F. Codd, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1970. PostgreSQL, MySQL àti Oracle wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀. Ìlà ẹgbẹ̀rún mélòó kan kì í da èyíkéyìí nínú wọn láàmú. Ìgbà tí ìlà bá di ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ni ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́ tẹ́lẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀.

Ká fi ilé-iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ń bá àwọn oníṣòwò Bódìjà, Dùgbẹ̀ àti Ọjàa'ba ní Ìbàdàn gba owó ọjà lórí fóònù. Ìlà kan ni owó kọ̀ọ̀kan tí ó wọlé: nọ́ńbà fóònù ẹni tí ó san án, iye rẹ̀, àti àkókò. Bí ìyá aláta bá fẹ́ mọ̀ bóyá oníbàárà kan ti sanwó, tí àtẹ náà kò sì ní atọ́ka, ìyẹn ohun tí ó ń tọ́ka sí ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan wà, ńṣe ni kọ̀ǹpútà yóò ka gbogbo ìlà láti òkè délẹ̀ kí ó tó dá a lóhùn. Atọ́ka tí ó wọ́pọ̀ jù ni B-tree, tí Rudolf Bayer àti Edward McCreight ṣe nígbà tí wọ́n wà ní ilé-iṣẹ́ Boeing. Ó dà bí igi tí ẹ̀ka ń yọ lára ẹ̀ka. Bí ojú ewé kan nínú atọ́ka náà bá gba nọ́ńbà 300, ìpele mẹ́ta ti tó láti dé ìlà mílíọ̀nù 27, ìpele mẹ́rin sì kọjá bílíọ̀nù 8. Àmọ́ atọ́ka kì í ṣe ọ̀fẹ́: owó tí ó bá wọlé, a ó kọ ọ́ sínú àtẹ, a ó tún kọ ọ́ sínú atọ́ka kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tí ó kó atọ́ka mẹ́wàá lé àtẹ kan ń fi kíkọ san gbèsè kíkà.

Lẹ́yìn èyí, ríra sáfà (kọ̀ǹpútà tí dátábéèsì wà lórí rẹ̀) tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ pọ̀ sí i ni ó rọrùn jù, ó sì máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ju bí wọ́n ti rò lọ.

Bí àwọn tí ń kà bá pọ̀ ju àwọn tí ń kọ lọ, a lè ṣe ẹ̀dà dátábéèsì náà sórí sáfà mìíràn. Ọ̀kan ṣoṣo ni a ó máa kọ nǹkan sí, àwọn tó kù yóò máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀dà máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ewu wà: oníbàárà lè sanwó tán, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, kí ó má rí i, kí ó sì tún un san.

A tún lè pín àtẹ ńlá sí ti oṣooṣù lórí sáfà kan náà. PostgreSQL ti ní ìlànà tààrà fún un láti ìgbà tí PostgreSQL 10 jáde, ní ọdún 2017. Ìbéèrè nípa oṣù yìí kò ní fọwọ́ kan ti èṣín, oṣù tí a kò sì nílò mọ́ ṣeé yọ dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí wọ́n ń pè ní sharding, ìyẹn fífọ́n ìlà sórí ọ̀pọ̀ sáfà, ni ó le jù, ó sì yẹ kí ó gbẹ̀yìn. Òpó tí a bá fi pín in ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí a bá fi díjítì àkọ́kọ́ nọ́ńbà fóònù pín in, orí sáfà kan ni gbogbo rẹ̀ yóò kó sí, nítorí òdo ni nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀. Pípín in sí ìjọba ìbílẹ̀ 11 tí ó wà ní Ìbàdàn lè dà bí ohun tí ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ sáfà Àríwá Ìbàdàn, níbi tí ọjà Bódìjà wà, yóò máa làágùn nígbà tí ti ìgbèríko ń sùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo hash, ìṣirò tí ó ń tú nọ́ńbà ká kí ó lè pín dọ́gba. Síbẹ̀, síso àtẹ méjì pọ̀ á di iṣẹ́ ńlá, bí owó bá sì ń kúrò lórí sáfà kan bọ́ sórí òmíràn, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí èyíkéyìí tó fọwọ́ sí i. Láti dín irú wàhálà yìí kù lórí MySQL ni YouTube ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Vitess ní ọdún 2010.

Ohun kékeré kan wà tí kò kan ìyára. Bí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìlà bá jẹ́ oní-bíìtì 32, 2,147,483,647 ni ó sábà máa ń jẹ́ òpin rẹ̀. Ìlà tí ó bá tẹ̀ lé e kò ní wọlé, bí ààyè tilẹ̀ pọ̀ lórí dísìkì. Yíyí i padà sí oní-bíìtì 64 lórí àtẹ tí ó ti kún sábà máa ń gba pé kí a tún gbogbo ìlà kọ.