Títo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò

Títo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní aláínmẹ́ǹtì ẹ̀yìn, ni iṣẹ́ tí mẹkáníìkì máa ń ṣe kí táyà méjèèjì tó wà lẹ́yìn lè kọjú síbi tó yẹ, kí wọ́n má tẹ̀ jù, kí ibi tí wọ́n jọ ń ti ọkọ̀ lọ sì bá àárín ọkọ̀ mu. Ẹsẹ̀ iwájú ni sítíárìn ń yí, òun náà lọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń gbé lọ tò, àmọ́ ẹ̀yìn ló ń pinnu ibi tí ìdí ọkọ̀ máa gbà.

Ohun tí wọ́n ń wọ̀n

Toe ni bí táyà ṣe kọjú sínú tàbí síta téèyàn bá wò ó látòkè, bí ẹni tó ń kọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ sínú tàbí síta. Camber ni bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta. Caster, ìyẹn bí òpó tí táyà iwájú fi ń yí ṣe tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, iwájú ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, wọn kì í sábà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Toe tí ò dáa ló sábà máa ń jẹ táyà jù, tèèyàn bá fọwọ́ pa ojú táyà náà á máa yọ̀ lọ, tó bá wá pa á padà á máa gún un lọ́wọ́ bí eyín ayùn.

Thrust angle

Èyí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni wọ́n sì sábà máa ń fò. Ìlà kan wà tó gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ sí àárín ẹsẹ̀ iwájú, òmíràn wà tó jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jọ kọjú sí, igun tó wà láàárín ìlà méjèèjì ni thrust angle, bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe dáa tó. Ìṣirò ẹ̀ ò le: yọ toe ọ̀tún kúrò nínú ti òsì, kó o pín in sí méjì. Ká ní òsì wọnú ní 0.30 dígírì, ọ̀tún wọnú ní 0.10, thrust angle jẹ́ 0.10 dígírì sápá ọ̀tún, ìyẹn ìṣẹ́jú 6, torí ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígírì kan (kì í ṣe ìṣẹ́jú aago o). Àròpọ̀ toe, 0.40, lè má burú rárá kí ìlà náà ṣì wọ́.

Nínú àpẹẹrẹ yìí ìdí ọkọ̀ fẹ́ sá lọ sọ́tùn-ún, kó tó lè lọ tààrà awakọ̀ gbọ́dọ̀ yí iwájú náà sọ́tùn-ún díẹ̀, sítíárìn á wá wọ́ lójú títì tó gún. Tó bá pọ̀, ọkọ̀ á máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ rí i. Àwọn míì á kàn yí táìrọ́ọ̀dù iwájú, ìyẹn irin tó so sítíárìn mọ́ táyà, kí sítíárìn lè dúró gbọọrọ, ó máa dúró lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ ṣì ń fẹ̀gbẹ́ rìn.

Irú ẹ̀yìn tí ọkọ̀ ní

Tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá dá dúró, ó sábà máa ń ní cam bolt, ìyẹn bóòtù tí wọ́n fi ń tò ó, tí wọ́n bá ti yí i, apá tó gbé táyà á sún. Torsion beam, ìyẹn irin kan tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kì í sábà ní ibi tí wọ́n ti ń yí nǹkan, irin pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ shim ni wọ́n ń fi sáàárín họ́ọ̀bù àti ásù, tí ìyẹn ò bá sì tó, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan ti tẹ̀.

Lẹ́nu iṣẹ́

Wọ́n á kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́ táyà, sípíríìnì, bẹ́ríìnì àti búṣì, torí ohun tó bá ń mì kò ṣeé tò. Ẹ̀rọ tó ń lo kámẹ́rà máa ń ní kí wọ́n ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn díẹ̀ kó lè yọ wíwọ́ rìímù kúrò nínú ìṣirò. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń tò kí wọ́n tó kan iwájú, torí ìlà ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wọ̀n iwájú. Bóòtù ẹ̀yìn máa ń dípẹtà mọ́ inú búṣì, nígbà míì ó di kí wọ́n gé e kí wọ́n sì fi tuntun sí i, àsìkò tí ìyẹn ń gbà lè ju ti títò fúnra ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tú búṣì rọ́bà, ìgbà tí ọkọ̀ bá fi ìwúwo ẹ̀ dúró lórí táyà ni kí wọ́n dè é pa, kì í ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń fì lórí jáàkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ́bà á lọ́ á sì tètè ya. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kó yọ̀ lójú títì, wọ́n tún máa ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn lẹ́yìn iṣẹ́, kí sẹ́ńsọ̀ sítíárìn lè mọ ibi tí àárín tuntun wà.