Ọmọ ń ṣe practical kẹ́mísírì dáadáa, kí ló dé tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀?

Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, títí dé Òmù-Àrán, ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti òbí ń bi mí lórí kẹ́mísírì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Mo kó díẹ̀ jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn nígbà tí a bá jókòó pọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwọn ọmọ SS3 mi mọ titration í ṣe, ìyẹn kíkán áásìdì sínú béèsì títí àwọ̀ yóò fi yí padà. Àmọ́ tí mo bá bi wọ́n pé kí ló wà nínú fúláàsìkì nígbà tí àwọ̀ yí padà, wọn a dákẹ́ lọ gbári. Kí ló fà á?

Ẹ kú làálàá wọn. Ojú wọn rí àwọ̀, ọwọ́ wọn kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè nípa ohun tí ojú ò tó. Ní 1991, Alex Johnstone, tó ń ṣèwádìí nípa bí a ṣe ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní Yunifásítì Glasgow ní Scotland, ṣàlàyé pé ìpele mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ yìí wà: èyí tí a fojú rí tí a sì lè fọwọ́ kàn, èyí tí í ṣe átọ̀mù, íóònù àti mólékù, tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ojú lásán rí, àti àmì tí a ń kọ sójú pátákó, bíi HCl (áásìdì kan) àti NaOH (béèsì kan). Àwa tó ti mọ́ lára ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ò lè bá wa fò ó.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé kí a ṣáà máa ṣe practical púpọ̀ sí i ni ojútùú ọ̀rọ̀ náà. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kó wá ṣe é, kó sì ṣàlàyé ìdí tí ohun tó rí fi bá ti inú ìwé mu tàbí tí kò fi bá a mu. Ní ti titration, ẹ dán èyí wò: nígbà tí wọ́n bá ti mọ iye áásìdì tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú béèsì wọn, kí wọ́n da iye méjèèjì pọ̀ lọ́tọ̀ láìfi indicator kankan (ohun tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà láti fi áásìdì tàbí béèsì hàn) sí i, kí wọ́n gbé e sórí iná díẹ̀díẹ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Iyọ̀ funfun ni yóò ṣẹ́kù sí ìdí àwo. Wọn ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò o. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ya ohun tó wà nínú fúláàsìkì kí omi tó gbẹ, íóònù sodium níhìn-ín, íóònù chloride lọ́hùn-ún, mólékù omi láàárín wọn. Nínú àwòrán yẹn lẹ ó ti rí ẹni tó yé àti ẹni tó há a sórí.

Ilé ẹ̀kọ́ wa ní ẹ̀gbẹ́ Àjàṣẹ́-Ìpo ò ní lábù rárá. Kí la lè fi kọ́ wọn ní áásìdì àti béèsì?

Zóbò, kán-ún, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú. Áásìdì wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, béèsì ni omi kán-ún àti omi eérú, zóbò ni yóò sì ṣe indicator. Kò sí ọjà tí ẹ ò ti ní rí wọn, ì báà ṣe Ọjà Ọba ní Ìlọrin tàbí Owódé ní Ọ̀fà.

Ẹ ra zóbò gbígbẹ, ìyẹn ìṣápá pupa, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi atalẹ̀ àti ṣúgà sè sínú ike. Ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Anthocyanin ló fún un ní àwọ̀ pupa yẹn. Kí ẹ tó kán ohunkóhun sí i, kí kálukú kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ á mú kó pupa fòò. Omi kán-ún á sọ ọ́ di àwọ̀ aró, tàbí àwọ̀ ewé tí kán-ún náà bá pọ̀. Omi eérú á ṣe bíi ti kán-ún, nítorí potassium carbonate wà nínú eérú igi; omi eérú yìí kan náà ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú.

Ẹ má dúró síbẹ̀ o, torí ibi tó dùn jù ṣì wà níwájú. Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sínú èyí tó ti di àwọ̀ ewé. Yóò máa hó, yóò sì padà di pupa. Kí ló ń hó? Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n jiyàn. Lẹ́yìn náà ẹ fún ọsàn tó pọ̀ sórí kán-ún nínú jọ́ọ̀gì gíga, kí ẹ rọra da afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, láìda omi rẹ̀, sórí àbẹ́là tó ń jó. Àbẹ́là á kú. Carbon dioxide ni, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, inú carbonate àti bicarbonate tó wà nínú kán-ún ló sì ti jáde. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó mú ẹfun kọ equation, ìyẹn àmì ohun tó ṣẹlẹ̀, sójú pátákó. Tí equation bá ṣáájú, ọmọ á kàn máa wá ohun tó bá a mu ni, kò ní wo ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Tí kíláàsì bá kún, ẹ má wá ife. Ẹ tẹ́ nylon tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ sórí bébà funfun, kí ọmọ méjì méjì máa fi sírínjì kán zóbò sórí rẹ̀ ní ẹ̀kán ẹ̀kán. Nǹkan bí ẹ̀kán 20 ló wà nínú 1 cm³, nítorí náà ife zóbò kan á kárí gbogbo wọn. Ọ̀nà ẹ̀kán díẹ̀ yìí kì í ṣe ti tálákà: RADMASTE, ilé ìwádìí nípa kíkọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ní Yunifásítì Witwatersrand ní Gúúsù Áfíríkà, ṣe àpótí irinṣẹ́ kékeré fún un, UNESCO sì bá wọn gbé e dé orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Mole ni wọ́n ń sá fún jù. Ṣé a tilẹ̀ lè fọwọ́ kàn án?

Mole jẹ́ orúkọ iye kan tí a fi ń ka átọ̀mù àti mólékù, bí dọ́sìnnì ṣe jẹ́ méjìlá. A lè fọwọ́ kàn án dáadáa, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ SS1 ní Kwara fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀wà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ka ẹ̀wà 100, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì ṣírò ìwọ̀n ẹyọ kan. Ẹ wá gbé ẹ̀wà kóńgò kan fún wọn, ẹ ní kí wọ́n sọ iye rẹ̀ láìkà á. Oníṣòwò ìṣó náà kì í ka ìṣó, kílò ló fi ń tà á. Kí wọ́n tún fi àgbàdo ṣe é, wọn á rí i pé ọgọ́rùn-ún ni ọgọ́rùn-ún ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ẹ̀wà kì í ṣe ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún àgbàdo.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ gbé òṣùwọ̀n tí àwọn oníkéèkì ń lò wá. Giramu 18 omi, giramu 58.5 iyọ̀, giramu 342 ṣúgà. (Bí òṣùwọ̀n yín ò bá fi ìlàjì giramu hàn, 58 tàbí 59 náà tó.) Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì, kí ẹ bèèrè èyí tí iye rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣúgà ni púpọ̀ nínú wọn á nawọ́ sí. Ẹ wá sọ fún wọn pé iye kan náà ni: mólékù omi tó wà níbẹ̀, mólékù ṣúgà tó wà níbẹ̀ àti iye NaCl (iyọ̀) tó wà níbẹ̀ dọ́gba, 6.02 × 10²³ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mole kan. Láti 2019, ní gbogbo ayé, nọ́ńbà yìí ti dúró sójú kan, 6.02214076 × 10²³ gééré. Kí wọ́n wá ṣírò mólékù tó wà nínú ẹ̀kán omi kan tó wọn giramu 0.05. Nǹkan bí 1.7 × 10²¹ ni wọ́n máa rí.

Oxidation àti reduction ńkọ́? OIL RIG nìkan ni wọ́n mọ̀, ìyẹn Oxidation Is Loss, Reduction Is Gain: pípàdánù elétírọ́ọ̀nù àti gbígbà á.

Ìṣó inú omi copper sulphate dára, ìwé gbogbo ló sì ti kọ ọ́. Aró ni èmi ń fi kọ́ni, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń hun aṣọ òfì la wà, òwú aláró ò sì ṣàjèjì sí wa.

Àwọ̀ aró tó ń jáde lára ewé èlú kì í yòrò nínú omi, nítorí náà kò lè wọnú òwú bẹ́ẹ̀. Nínú ìkòkò aró tó ti kan, tí omi eérú wà nínú rẹ̀, àwọn bakitéríà ń fún un ní elétírọ́ọ̀nù. Reduction nìyẹn. Ó wá di ohun tó ń yòrò, àwọ̀ rẹ̀ a sì súnmọ́ ìyeyè. Ìgbà náà ló tó lè wọ òwú. Tí aláró bá fa aṣọ jáde, ẹ ó rí i tó dà bí àwọ̀ ewé, ká tó wí ká tó fọ̀, afẹ́fẹ́ ti sọ ọ́ di aró. Oxidation nìyẹn, ó sì ti há sínú òwú, kò tún lè yòrò jáde. Bí ẹ bá lè rí aláró, ẹ kó wọn lọ síbẹ̀.

Bí kò bá ṣeé ṣe, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ po kọ́sítíìkì sódà bíi giramu 2 àti glúkóòsì bíi giramu 3 sínú omi 100 cm³, kó kán methylene blue (àwọ̀ aró kan) díẹ̀ sí i, kó sì dé ìgò náà pinpin. Tí ó bá gbé e kalẹ̀, àwọ̀ á lọ. Tí ó bá gbọ̀n ọ́n, àwọ̀ á dé. Ẹ bi wọ́n pé kí ni gbígbọ̀n yẹn ń mú wọnú omi.

Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́, ọmọ mi ní òun fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nílé ìdáná mi. Ṣé kò léwu?

Màmá, zóbò, kán-ún àti ọsàn ò léwu, àfi kí ife tí ó bá lò má ṣe padà sídìí oúnjẹ.

Ohun tí ẹ kò gbọ̀dọ̀ gbà láéláé ni kó po omi tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun, irú Jik tàbí Hypo, mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà tàbí áásìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Chlorine ló máa jáde, gáàsì tí wọ́n fi ja àwọn ọmọ ogun ní Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1915.

Bí ẹ bá ń ṣe ọṣẹ, ẹ má tọ́jú kọ́sítíìkì sódà sínú ìgò mínírà tàbí ike omi. Mo bẹ yín. Ọmọ kékeré á rò pé nǹkan mímu ni, yóò sì jó o lọ́nà ọ̀fun. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi epo pupa rọ ọ́, ẹ má mú un bì, nítorí yóò tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀ sókè. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ tààrà. Bó bá ta sí i lójú, ẹ da omi mímọ́ sí ojú náà fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó gbéra.

Zóbò ò sí nínú WAEC. Ṣé kì í ṣe àkókò là ń fi ṣòfò?

Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Methyl orange àti phenolphthalein ni indicator tí wọn yóò bá pàdé, àwọ̀ zóbò sì ń yí díẹ̀díẹ̀ ni, kì í gé mọ́lẹ̀ bíi ti phenolphthalein. SS1 ni kí ẹ ti lò ó tán. Láti SS2, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ka bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń kán áásìdì, dé ibi nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ojúàmì, kí wọ́n sì máa tún un ṣe títí èsì méjì yóò fi súnmọ́ra láàárín 0.20 cm³. Bí bùrẹ́ẹ̀tì ò bá kárí, kí àwọn tó kù máa fi sírínjì 10 cm³ kọ́ bí a ṣe ń kán ẹ̀kán kan ṣoṣo nígbà tí àwọ̀ bá fẹ́ yí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣì í.