Àìdọ́gba nínú gbígba akẹ́kọ̀ọ́ sí yunifásítì

Àìdọ́gba nínú gbígba akẹ́kọ̀ọ́ sí yunifásítì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ń wádìí: ta ló ń rí àyè wọlé, ta ni kì í rí, kí ló sì fà á? Ní Amẹ́ríkà, àwọ̀ ara àti ìṣíkiri ni wọ́n máa ń wò jù. Ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, "Ọmọ ibo ni ọ́?" ló gbapò àwọ̀.

Ní 2007, Douglas Massey, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó wọ yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì 28 tó ṣòro wọ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé àwọn tàbí òbí wọn ló ṣí wọ ìlú náà. Láàárín gbogbo ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ọlọ́dún 18 sí 19, ìdá 13 péré ni irú wọn. Ọgbọ́n orí nìkan kọ́. Ẹni tó ti kàwé ló sábà máa ń rí físà gbà: nọ́ọ̀sì tó ti Ọ̀fà lọ sí Houston ti gbé sátífíkéètì dání kó tó wọ bàálù. Ní oṣù Kẹfà 2023, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má fi àwọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ mọ́.

Ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ bàbá ni wọ́n ń wò. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀, títí kan ti Ìlọrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ń pín àyè rẹ̀ báyìí: ìdá 45 fún máàkì, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ ìtòsí, 20 fún àwọn tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀. Kwara wà nínú àwọn tó kẹ́yìn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Offa Grammar School ti wà láti 1943. Ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n ará Òmù-Àrán àti ọmọ àgbẹ̀ Kaiama wá ń jẹ nínú abọ́ kan náà.

Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ni ẹ̀rí: fótò lígun, òǹtẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni inú fótò náà. Ọmọ tí wọ́n bí sí Tanke ní Ìlọrin, tó kàwé níbẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni yóò kọ sí fọ́ọ̀mù JAMB bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara tó wà ní Málété, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, ìwé náà kan owó pẹ̀lú: owó iléèwé ọmọ ìbílẹ̀ kéré sí ti àlejò.