Ta ló ni bátànì àdìrẹ?

Ìròyìn tún gbé e pé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aládìrẹ Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Inú ń bí àwọn òǹkàwé, ìbéèrè sì pọ̀.

Ṣé olè lẹni tó da àdìrẹ kọ?
Ó kù síbi ohun tó dà kọ.

Kí ló lè dà kọ tí kò ní rúfin?
Èrò, àti ọ̀nà iṣẹ́. Ká fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ká rì í bọ aró èlú: òfin kọ́píráìtì Nàìjíríà ti 2022, tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọnà ẹni, kò fi ìyẹn fún ẹnì kankan. Àmọ́ bátànì tuntun tí ẹ fọwọ́ ara yín yà jẹ́ tiyín láti ọjọ́ tí ẹ ti yà á, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín.

Ó ti wá di dúkìá nìyẹn?
Kì í ṣe bíi ti ewúrẹ́. Bí wọ́n bá jí ewúrẹ́ mi, orí ìso á ṣófo. Bí wọ́n bá da bátànì mi kọ, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi digbí. Oníbàárà ni wọ́n gbé lọ. Ilẹ̀ bàbá mi kì í sì í di ti gbogbo ayé nítorí pé 70 ọdún pé.

Bátànì àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ńkọ́?
Ibí ló ti takókó. Àwòrán òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, 1929 ni wọ́n sì ṣí Màpó. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ yà á, kì í ṣe ìran Odùduwà lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti tún un yà, wọ́n fi kún un, wọ́n yọ nínú rẹ̀, ó di tọjà. Fún irú iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òfin ní kí ẹni tó fẹ́ fi ṣòwò, tàbí tó fẹ́ lò ó lẹ́yìn odi àṣà, gbàṣẹ lọ́wọ́ àjọ kọ́píráìtì l'Ábújá. Ẹnubodè wa ni agbára òfin yẹn mọ, kò dé Ṣáínà.

Kámpálà ńkọ́?
Olú-ìlú Uganda ló ni orúkọ yẹn. A ò tọrọ rẹ̀.

Mo ní bátànì tuntun. Kí ni kí n ṣe?
Ẹ tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ pẹ̀lú déètì. Ẹ lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1970 lórí bátànì ọjà (Patents and Designs Act): ọdún 5 ni, ẹ sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́jà ni o. Bátànì tí gbogbo ayé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́.

Wọ́n lè mú mi bí mo bá wọ ayédèrú?
Rárá. Ẹni tó ń kó o wọlé tà ni kó máa wẹ̀yìn.