Láti Ara Tìróò Dé Inú Ìgò Ọtí

Òkúta dúdú kan wà tó máa ń dán bí irin. Àwọn ará Íjíbítì àti àwọn Lárúbáwá ayé àtijọ́ máa ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì fi lé ojú, bí àwọn èèyàn wa ṣe ń lé tìróò títí dòní. Kuḥl ni Lárúbáwá ń pe ìyẹ̀fun náà. Tí wọ́n bá fi "al" ṣáájú rẹ̀, ó di al-kuḥl. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ alcohol ti wá.

Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń túmọ̀ ìwé Lárúbáwá sí èdè Látìn ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹ̀fun yòówù tó bá kúnná ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó di orúkọ ogidi tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ gbogbo àbùlà kúrò. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Paracelsus, oníṣègùn ará Switzerland, pe ogidi tí wọ́n sè jáde látinú wáìnì ní alcool vini. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wáìnì jábọ́ lára orúkọ náà, ó ku alcohol nìkan.

Ethanol ni ogidi ọ̀hún. Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń pọn ògógóró: àgbá ẹmu lórí iná, páìpù tó gba inú omi tútù kọjá, ìgò tí ọtí ń kán sí lẹ́nu páìpù. Ethanol ń hó ní 78°C, omi ní 100°C, ìdí nìyẹn tí ethanol fi ń pọ̀ nínú ooru tó kọ́kọ́ jáde. Síbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n tún un sè tó, kò ní kọjá nǹkan bí ìdá 96 nínú 100, torí tó bá ti débẹ̀, òun àti omi á jọ máa hó pọ̀ ni. Tí wọ́n bá sì da mìlílítà 50 ethanol mọ́ 50 omi, kò ní pé 100. Bíi 96 tàbí 97 ni wọ́n á bá, nítorí mólékù méjèèjì ń fà mọ́ra wọn, wọ́n á sì sún mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àbúrò rẹ̀ ni methanol. Ní 1834, Dumas àti Péligot, onímọ̀ kẹ́mísírì ní ilẹ̀ Faransé, mú methy, wáìnì, àti hyle, igi, látinú èdè Gíríìkì láti fi sọ ọ́ lórúkọ, torí inú igi tí wọ́n ń sun láìsí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń rí i. Carbon méjì ló wà nínú ethanol, ẹyọ kan péré ló wà nínú methanol. Àwọn méjèèjì mọ́ gaara, àwọn méjèèjì ń gbiná. Ahọ́n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Inú ẹ̀dọ̀ ni ọ̀nà wọn ti pín. Enzyme kan náà, ìyẹn èròjà ara tó ń yí nǹkan kan padà sí òmíràn, ló ń gba àwọn méjèèjì lálejò. Ethanol á di acetaldehyde, lẹ́yìn náà acetic acid, èyí tó wà nínú fínígà. Ara mọ bó ṣe ń lò ó. Methanol á di formaldehyde, èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́máàlìn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì, kò sì ní pẹ́ di formic acid. Formica ni Látìn ń pe èèrà, ibẹ̀ ni orúkọ ásíìdì náà ti wá. John Ray, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn ásíìdì ara èèrà ní nǹkan bí ọdún 1671. Ásíìdì yìí ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti fi ọ́síjìn ṣe agbára. Iṣan tó ń gbé ìran láti ojú lọ sí ọpọlọ nílò agbára púpọ̀, òun sì wà lára ohun tó ń kọ́kọ́ jìyà. Wákàtí 12 sí 24 lè kọjá kó tó hàn, ẹni náà á rò pé ọtí àná ló ṣì wà lójú òun.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ojú àwọn kan ṣú ní agbègbè Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn mìíràn sì kú. Àìsàn àràmàǹdà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Methanol inú ògógóró ni àyẹ̀wò padà tọ́ka sí. Methanol tí ẹmu fúnra rẹ̀ ń mú wá kéré. Kí ẹnìkan wá da ti iléeṣẹ́ mọ́ ọtí kó lè pọ̀, ìwà ìkà gbáà ni.

Enzyme ẹ̀dọ̀ fẹ́ràn ethanol ju methanol lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè lo ethanol tí wọ́n wọ̀n dáadáa, tàbí oògùn fomepizole, láti dí i lọ́wọ́, kí methanol má ráyè di ásíìdì títí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ á fi yọ ọ́ dànù. Ọtí mìíràn kọ́ ni wọ́n ń fi tọ́jú rẹ̀ nílé o. Ẹni tó bá mu ògógóró, tó wá ń ríran bàìbàì lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì mú ìgò tó ti mu ún dání.